Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé? Bertrams, Àwọn Àgbà àti Òfin

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀rẹ́ mi pè mí pé kí n wá bá wọn ka ìwé kan nílé wọn ní Bertrams, ní Johannesburg. Ilé náà kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Derby. Ilé ilẹ̀ ni, òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù, fáráńdà tóóró sì wà níwájú rẹ̀. Màmá wọn jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀kan, iyè wọn sì ń lọ ó ń bọ̀. Ní òwúrọ̀, wọ́n á dárúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa bèèrè bóyá Bàbá ti ti ọjà dé. Bàbá ti kú láti nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi wà lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò wọn ọkùnrin sì wà lórí ìlà kan náà láti Ìbàdàn. Ohun tó kó wọn jọ ni pé orúkọ Bàbá ṣì ni ilé náà wà. Ẹ̀gbọ́n ní kí Màmá fọwọ́ sí ìwé tí yóò fún ọ̀rẹ́ mi láṣẹ láti máa ṣe ohun gbogbo lórúkọ wọn, ní báńkì àti lórí ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é fún ìyá ọkọ mi níbí, ó sì ṣiṣẹ́." Àbúrò tó wà ní Ìbàdàn ní tòun, ilé ẹbí ni, kí ló kan ìjọba níbẹ̀? Màmá ni àgbà; ohun tí Màmá bá ti sọ ni abẹ gé.

Olúkúlùkù wọn ń sọ bí nǹkan ṣe rí ní ilẹ̀ tó wà. Ṣùgbọ́n Bertrams ni ilé wà, kò sì sí èyí tó bá òfin ibẹ̀ mu nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ìtàn ni mo kà títí mo fi gba oyè másítàs, iṣẹ́ ìwé kíkọ ni mo sì fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yẹ àwọn ìwé náà wò lọ́jọ́ yẹn, ó yé mi pé ìbéèrè tó wà níwájú ẹbí yìí kì í ṣe tuntun ní àdúgbò náà. Ta ló ni ilé? Ta ló lè sọ̀rọ̀ dípò àgbà? Ta ni yóò jogún? Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń bi àwọn ará Bertrams ní ìbéèrè wọ̀nyí, ohun kan náà sì ni òfin máa ń dáhùn: ẹ mú ìwé wá. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí wọ́n ṣe yọ orúkọ àwọn kan kúrò nínú ìwé náà, bí àwọn kan ṣe jà kí wọ́n tó dá a padà, àti ìdí tí àwa tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá fi ń fọwọ́ ara wa yọ orúkọ àwọn òbí wa kúrò níbi tí kò sí ẹni tó lé wọn.

Ṣáájú 1886 tí wọ́n rí góòlù, ilẹ̀ oko tí wọ́n ń pè ní Doornfontein ni ibi tí Bertrams wà lónìí. Ní 1889 ni ó di àdúgbò, orúkọ oníṣòwò ilẹ̀ kan, Robertson Fuller Bertram, ni wọ́n sì fi pè é. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1920, ó ti di ibùgbé àwọn tí owó wọn kò tó: aláwọ̀ funfun tálákà, aláwọ̀ dúdú tó wá iṣẹ́ wá, àwọn tí òfin ibẹ̀ ń pè ní Coloured, àti àwọn ará Íńdíà. Ní New Doornfontein, tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Bertrams, àgbàlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Rooiyard. Ellen Hellmann, onímọ̀ nípa ìgbésí ayé àwùjọ, ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1933 sí 1934, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1948. Ó kọ nípa àwọn obìnrin tó ń pọn ọtí tà nínú yàrá kékeré kí oúnjẹ lè wà nílé, pẹ̀lú ọlọ́pàá tó ń ya wọlé lọ́sàn-án àti lóru. Kò sí ẹni tó ni yàrá tó ń gbé nínú wọn. Ayálégbé ni gbogbo wọn.

Òfin 1923 lórí àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìlú ńlá ti sọ pé kí wọ́n máa gbé àdúgbò tiwọn lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1920 náà, ilé ẹjọ́ sọ fún ìjọba ìlú pé wọn kò lè lé àwọn èèyàn wọ̀nyí jáde bí kò bá sí ibi tí wọn yóò kó wọn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Yóò padà wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Orlando, ní apá ibi tó di Soweto lẹ́yìn náà. Ibi tí wọn yóò kó èèyàn lọ ti wà nìyẹn. Nígbà tí òfin mìíràn dé ní 1934, èyí tó fún ìjọba ìlú lágbára láti ka àdúgbò kan sí ibi tí kò yẹ fún ọmọ èèyàn kí wọ́n sì gba ilẹ̀ rẹ̀, Bertrams wà lára àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n kó àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò, wọ́n sì kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú síbẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun tálákà. Ìmọ́tótó ni wọ́n fi bojú. Ẹni tó bá wo àwọn tó kó jáde àti àwọn tó kó wọlé yóò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní àwọn àdúgbò tí wọ́n kó wọn lọ, ìwé àṣẹ láti gbé ilé ni wọ́n ń fúnni. Ilé kò di tẹni. Orúkọ ọkùnrin ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sí i, nítorí òun ni òfin kà sí olórí ìdílé. Ìyàwó, ìyá ọkọ, ọmọbìnrin tó ti dàgbà, gbogbo wọn wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá kú, tàbí tí ó bá kọ ìyàwó sílẹ̀, ilé lè bọ́ mọ́ obìnrin lọ́wọ́. Nítorí náà, ọjọ́ ogbó obìnrin dúró lórí ẹ̀mí ọkùnrin kan àti ìwé pélébé kan.

Nígbà tí ètò ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ń parí lọ, ìjọba fẹ́ sọ àwọn tó ti ń gbé ilé wọ̀nyí di onílé. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n òfin 1991 tó ṣe é kàn sọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àtijọ́ di onílé láìbéèrè ẹni mìíràn tó ń gbé ibẹ̀. Ìwà àìtọ́ àtijọ́ wọ inú òfin tuntun bẹ́ẹ̀. Arábìnrin Mary Rahube ti ń gbé ilé kan ní Mabopane, ní àríwá Pretoria, láti àwọn ọdún 1970 pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ àti àwọn ẹbí yòókù. Orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ní ìparí àwọn ọdún 1980, nítorí obìnrin kò lè jẹ́ olórí ìdílé lábẹ́ òfin ibẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ní kí obìnrin náà jáde. Ọ̀rọ̀ dé Constitutional Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kẹwàá 2018, ilé ẹjọ́ ní apá òfin yẹn tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè, nítorí ó sọ ọkùnrin di onílé láìjẹ́ kí obìnrin tó wà nínú ilé sọ tẹnu rẹ̀.

Bí ti ẹni tó wà láàyè ṣe rí nìyẹn. Ti òkú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1927, òfin kan wà tó ní bí aláwọ̀ dúdú bá kú láìkọ ìwé ìpíngún, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní wíìlì, àṣà ìbílẹ̀ ni wọn yóò fi pín ogún rẹ̀, ìyẹn àṣà bí àwọn tó ṣòfin ṣe rí i: àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó ogún. Kì í ṣe ọ́fíìsì kan náà tó ń rí sí ogún aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì ń gbé e lọ. Ní ọdún 2000, ẹbí Moseneke, tí Dikgang Moseneke tó padà di igbákejì adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà wà nínú rẹ̀, pe ẹjọ́ lórí ogún bàbá wọn, Constitutional Court sì fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ ọ́fíìsì yẹn. Ní oṣù kẹwàá 2004, ẹjọ́ àwọn ọmọbìnrin méjì kan ní Khayelitsha, tí wọ́n mọ̀ sí ẹjọ́ Bhe, parí iṣẹ́ náà. Bàbá wọn kú, bàbá bàbá wọn sì fẹ́ gba ilé kí ó tà á láti fi san owó ìsìnkú. Ilé ẹjọ́ kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, òfin kan ṣoṣo ló ń pín ogún ẹni tó kú láìṣe wíìlì ní Gúúsù Áfíríkà, ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú, ọkùnrin tàbí obìnrin.

Òfin yẹn, ti 1987, ni ilé Bàbá ọ̀rẹ́ mi bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyàwó yóò mú ìpín tó dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ kan tàbí 250,000 rándì, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ yóò pín èyí tó kù lọ́gbọọgba. Ká ní ilé náà tó 700,000 rándì, tí kò sì sí gbèsè tàbí ohun mìíràn tí òkú fi sílẹ̀. Bí a bá pín in fún ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta, ìpín ọ̀kan jẹ́ 175,000. 250,000 jù ú lọ, nítorí náà 250,000 ni ti Màmá, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú 150,000. Kò sí àkọ́bí tó mú jù, kò sì sí pé ti ọkùnrin ju ti obìnrin lọ.

Nígbà tí mo ka èyí sí wọn létí, àbúrò tó wà ní Ìbàdàn bínú. Ó ní, "Ṣé àwa kò ní àṣà ni?" A ní àṣà, àṣà náà sì ti dúró níwájú adájọ́ rí. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, lórí àgbàlá Olóyè Mábìnúorí tó kú ní 1874, ilé ẹjọ́ gbà pé àkọ́bí tó kù láyé lè jẹ́ olórí ẹbí, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ọkùnrin Èkó kan ti kú ní 1940 láìṣe wíìlì, ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Ṣé orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀, àbí ìdí-igi, kí ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan? Ilé ẹjọ́ ní ìdí-igi ṣì wà láàyè nínú àṣà Yorùbá. Àṣà wa kì í ṣe ohun ìtìjú, ó sì lágbára lójú òfin.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé bá wà ni òfin rẹ̀ ń pín ilé náà. Ilé Bàbá tó wà ní Ìbàdàn, bí ó bá ní, yóò tẹ̀lé ti Ìbàdàn. Èyí tó wà ní Bertrams yóò tẹ̀lé ti Gúúsù Áfíríkà, kódà bí gbogbo ẹbí bá péjọ tí wọ́n pa obì sí i. Ẹni tó ń kọ orúkọ onílé sínú ìwé ní Johannesburg kò mọ ìdí-igi, kò sì mọ olórí ẹbí. Bí Bàbá bá fẹ́ kí ilé náà jẹ́ ilé ẹbí, wíìlì ni ìbá fi sọ ọ́.

Ìgbéyàwó náà ńkọ́? Gúúsù Áfíríkà ní òfin 1998 tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà àwọn ọmọ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà ló ń sọ. Ìdána tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta kò sí nínú rẹ̀. Opó náà yóò ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ìgbéyàwó náà dúró lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Oríire ni pé Màmá ní ìwé láti kóòtù. Fún àwọn tí kò ní ìwé rárá, ẹjọ́ Bwanya ti ìparí 2021 ṣí ilẹ̀kùn kan: obìnrin ọmọ Zimbabwe kan tó ń ṣiṣẹ́ ilé ní Cape Town ti ń bá ọkùnrin kan gbé bíi tọkọtaya, ọkùnrin náà sì kú kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Constitutional Court ní irú ẹnìkejì bẹ́ẹ̀ lè jogún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni yóò fi jà, ẹ̀rí kò sì rọrùn fún arúgbó láti kó jọ.

Títí dé ibí, ogún ni mo ń sọ. Àgbà gbọ́dọ̀ jẹun kí ó tó kú. Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe dáadáa ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kò bá ríṣẹ́, ọmú náà á gbẹ. Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn àgbà ní owó láti 1928, fún aláwọ̀ funfun àti Coloured nìkan. Ní 1944 ni ó tó kan aláwọ̀ dúdú, iye rẹ̀ kò sì dọ́gba títí di 1993. Láti 2010 ni ọkùnrin àti obìnrin ti jọ ń gbà á láti ọgọ́ta ọdún, bí owó tó ń wọlé fún wọn kò bá ju ohun tí òfin là sílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò bíi Bertrams ló jẹ́ pé owó ìyá àgbà ni gbogbo ilé fi ń jẹun.

Ṣé àjèjì lè gbà á? Ní oṣù kẹta 2004, nínú ẹjọ́ Khosa, àwọn ọmọ Mozambique tó sá ogun wá láti àwọn ọdún 1980, tí wọ́n sì ti gba ìwé ìgbé títí láé, ní kí ìjọba má yọ wọ́n sílẹ̀ nítorí wọn kì í ṣe ọmọ onílùú. Constitutional Court dá wọn láre. Èyí kan àwọn òbí wa tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kò kan ẹni tó wá pẹ̀lú ìwé ìgbà díẹ̀ láti wá bá ọmọ tọ́jú ọmọ, tí ọdún mẹ́ta sì di ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló wà ní ipò yìí: wọ́n ti tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́fà dàgbà ní Johannesburg, kò sì sí ìwé kankan tó sọ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Owó àgbà tún ní ọ̀tá nínú ilé. Òfin àwọn àgbà ti 2006, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, ka fífi owó tàbí ohun ìní àgbà dù ú sí ìwà ìkà, bíi ti lílu àgbà. Ọmọ tó mú káàdì ìyá rẹ̀ sọ́wọ́ tó ń ná owó rẹ̀ sí nǹkan tirẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Lójú òfin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní 1951, ìjọba ṣe òfin kan tó mú kó rọrùn láti lé àwọn tó gbé ilé tàbí ilẹ̀ láìgbàṣẹ jáde. Ní 1998 ni wọ́n pa á rẹ́, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní PIE. Òfin tuntun yìí dárúkọ àwọn àgbà: adájọ́ gbọ́dọ̀ ro ohun tí àwọn àgbà, àwọn ọmọdé, àwọn aláàbọ̀ ara àti ilé tí obìnrin ń darí nílò kí ó tó pàṣẹ pé kí wọ́n jáde. Kò sí ẹni tí wọ́n lè lé jáde nílé láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ní oṣù kejìlá 2011, nínú ẹjọ́ Blue Moonlight, lórí ilé kan ní Saratoga Avenue, ní ẹ̀gbẹ́ Berea tí kò jìnnà sí Bertrams, Constitutional Court ní onílé lè gba ilé rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìjọba ìlú gbọ́dọ̀ wá ibùgbé fún àwọn tálákà tí kò ní ibi tí wọn yóò lọ. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ láàárín àwọn ọdún 1920 ló padà wá yẹn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìjọba fi kọ́ Orlando kí wọ́n lè yọ aláwọ̀ dúdú kúrò láàárín ìlú. Ní ìgbà kejì, ó di ààbò fún wọn láàárín ìlú náà. Ohun tó wà nídìí ìyàtọ̀ náà ni pé àwọn tí wọ́n fẹ́ lé ní 2011 ní lọ́yà, wọ́n sì ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó dárúkọ wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iyè, èyí tí a tìtorí rẹ̀ péjọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ìwé àṣẹ aṣojú tí ẹ̀gbọ́n ń sọ láti Lọ́ńdọ̀nù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nítorí òfin wọn, láti 1985 àti lẹ́yìn náà ti 2005, fàyè gba irú ìwé tó ń wà láàyè lẹ́yìn tí iyè ẹni tó fọwọ́ sí i bá ti lọ. Gúúsù Áfíríkà kò tíì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ọjọ́ tí iyè àgbà bá lọ ni ìwé náà kú. Àṣẹ tí ẹni tó fúnni kò lè gbà padà mọ́ kò sí lójú òfin. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lo irú ìwé yìí ní báńkì láìmọ̀ pé ó ti kú. Ọ̀nà tó kù ni kí ilé ẹjọ́ gíga yan alábòójútó, tàbí kí ẹbí lọ sọ́dọ̀ Master, ọ́fíìsì tó ń rí sí ogún àti ohun ìní àwọn tí kò lè ṣàkóso ara wọn, lábẹ́ òfin ìlera ọpọlọ ti 2002. Ìkejì yìí dínwó ju ìkínní lọ.

Ṣùgbọ́n iyè Màmá kò tíì lọ tán. Ní òwúrọ̀, wọ́n ṣì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n mọ ọmọ wọn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ní. Ẹni tó bá mọ ìyẹn ní àsìkò tó ń fọwọ́ sí wíìlì lè ṣe wíìlì. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá dókítà tí yóò rí Màmá láàárọ̀, tí yóò sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Mo tún sọ ohun mẹ́ta tí òfin wíìlì ti 1953 là sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà, kí ọjọ́ orí wọn tó mẹ́rìnlá ó kéré tán. Ọmọ tó bá ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wíìlì náà fún ìyá rẹ̀, lè pàdánù ohun tí wíìlì náà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀. Bí àgbà bá sì jẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ka, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ó sì jẹ́rìí sí i. Ẹ ro iye àwọn ọmọ rere tó jókòó ti ìyá wọn, tí wọ́n ń kọ ọ́ bí ìyá ṣe ń sọ ọ́, láìmọ̀ pé ìfẹ́ yẹn gan-an lè mú ogún bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀ ikú ni?" Ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù lọ́jọ́ náà, nítorí mo mọ ibi tó ti wá. Ní ilé tiwa náà, ẹni tó bá bi bàbá rẹ̀ ní ìwé ilé, wọ́n á ní ó fẹ́ kí bàbá kú. Àwọn tí wọ́n lé ní Bertrams ní àwọn ọdún 1930 kò ní àǹfààní láti kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan. Ìjọba ló dí wọn lọ́nà. Arábìnrin Rahube jà títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Àwa ńkọ́? Ìwé wà nílẹ̀, gègé wà lọ́wọ́, òfin sì ti ṣí ilẹ̀kùn, ìtìjú ni kò jẹ́ kí a bèèrè. Lójú tèmi, ọ̀wọ̀ tí kò jẹ́ kí a bi àgbà ní ohun tó fẹ́ nígbà tí ó ṣì lè dáhùn kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ọjọ́ tí a bá fi rántí láti bi í, adájọ́ ni yóò dáhùn fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, dókítà kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ wá sílé. A jáde sí fáráńdà kí ó lè bá Màmá sọ̀rọ̀ láwọn nìkan. Nígbà tí ó parí, Màmá pe ọ̀rẹ́ mi wọlé. Wọ́n ní, "Ṣé ilé yìí lẹ ń bèèrè? Èmi àti bàbá yín la jọ san owó rẹ̀. Mo ta aṣọ nínú ọjà láti fi san án. Kí ló dé tí ẹ kò ti bi mí látọjọ́ yìí?"

Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ohun tí yóò sọ. Látìgbà náà, wíìlì Màmá ti wà nílẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì jẹ́ aládùúgbò tí kò ní ohunkóhun láti gbà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbé ìwé ikú Bàbá àti ìwé ìgbéyàwó lọ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò tíì parí. Àbúrò tó wà ní Ìbàdàn ṣì ní ilé ẹbí ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí Màmá fúnra wọn kọ ọ́ sínú wíìlì pé ìpín tiwọn nínú ilé náà, kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni ín, kí wọ́n má tà á nígbà tí ọmọ-ọmọ kan bá ṣì ń gbé ibẹ̀.